Agolo Elégédé Tí A Ti Ṣí: Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ìyókù Rẹ̀ Di Àìsàn

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí a kò bá tọ́jú dáadáa a máa di ọ̀tá, ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ọjọ́ Àtìní kan, mo yà kí Àlhájà kan ní àdúgbò wa ní Adéwọlé, ní ìlú Ìlọrin níbí. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹrù ránṣẹ́ sí wọn, agolo elégédé mẹ́fà sì wà nínú ẹrù náà. Bí mo ti jókòó, Àlhájà gbé ọ̀kan nínú agolo náà jáde láti inú fìríìjì. Ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ, abọ́ pẹrẹsẹ kan ni wọ́n fi dé e lórí. Wọ́n fẹ́ bù ú sínú ògì ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́wàá.

Mo ní, “Àlhájà, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo lẹ ṣí agolo yìí?”

“Ọjọ́ Àlàmísì ni, ọmọ mi. Inú fìríìjì ló sì wà láti ìgbà náà.”

“Iná ńkọ́, Àlhájà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Iná tí a mọ̀ náà ni. Ó ń wá, ó ń lọ. Láti àná ni a kò ti fojú kàn án.”

“Ẹ dákun, ẹ má fún ọmọ yìí jẹ o.”

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. “Kò mà rùn, ọmọ mi. Gbóòórùn rẹ̀ wò. Ṣé kí n wá da oúnjẹ Ọlọ́run nù ni?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè Àlhájà yìí kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé. Oúnjẹ wọ́n, owó sì ṣòro. Kò sí ìyá tó ní làákàyè tí yóò fẹ́ da oúnjẹ sí ààtàn. Ṣùgbọ́n èrò tèmi rèé: elégédé inú agolo dára, ó sì yẹ kí a jẹ ẹ́, àmọ́ kí ọ̀bẹ tó kan agolo ni ó yẹ kí ìyá ilé ti mọ ibi tí ìyókù rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí agolo ti wà ní ṣíṣí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, àìtètè mólè ni, olè a sì máa mú olóko.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú agolo náà. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Elégédé ni, tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n rọ sínú agolo, tí wọ́n dí i pa, tí wọ́n sì fi ooru líle pa kòkòrò inú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1810 ni Nicolas Appert, ará ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde lórí bí a ti ń fi ooru pa oúnjẹ mọ́ nínú ìgò. Ní ọdún kan náà ni Peter Durand gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún lílo agolo. Lónìí, ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú elégédé tí wọ́n ń rọ sí agolo ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yà tí wọ́n ń lò jù, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cucurbita moschata, wà lára èyí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa náà ń gbìn. Nítorí náà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kabewa, tí wọ́n ń gé ní ègé-ègé tà fún wa lọ́jà, àti èyí tó wọkọ̀ òfuurufú wá láti òkè òkun, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Èrè rẹ̀ nínú ara kò kéré. Ife kan elégédé inú agolo, ìwọ̀n gíráàmù 245, kò ju nǹkan bí kálórì 83 lọ. Fáíbà tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ tó gíráàmù 7 nínú rẹ̀, ohun tí ara sì ń sọ di Fítámì A nínú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ lọ. Fítámì A yìí ni ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà ló sì ń ran ọmọdé lọ́wọ́ láti dojú kọ àìsàn. Ṣùgbọ́n ara kì í lè gbà á dáadáa bí kò bá sí òróró díẹ̀ nínú oúnjẹ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú.

Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó lò ó. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ elégédé lásán, láìsí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n kọ “pie mix” tàbí “pie filling” sí lára, wọ́n ti po ṣúgà àti èròjà olóòórùn dídùn mọ́ ọn fún àkàrà òyìnbó. Èkejì yìí kò yẹ fún ọbẹ̀, kò sì yẹ fún ọmọdé tàbí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bí agolo kan bá wú, tàbí tó ń jò, tàbí tí omi inú rẹ̀ ta síta pẹ̀lú agbára nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò rárá. Ẹ di í sínú ọ̀rá kí ẹ sì sọ ọ́ nù sí ibi tí ọmọ àti ẹran kò ti ní débẹ̀. Oró tó lè wà nínú irú agolo bẹ́ẹ̀ a máa rọ iṣan ara, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Wàyí o, kí ló dé tí mo fi ní kí Àlhájà má fi ìyókù náà bọ́ ọmọ? Níwọ̀n ìgbà tí agolo wà ní dídí, kòkòrò kò ráyè wọlé. Gẹ́rẹ́ tí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀, ṣíbí wọ ibẹ̀, ọwọ́ wa náà sì kàn án. Elégédé kò kan bíi tòmátì. Kíkan ni í máa ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró. Ó tún rọ̀, ó sì lómi, bí ibùsùn ló rí fún kòkòrò àìlèfojúrí. Òmíràn nínú kòkòrò wọ̀nyí kì í mú oúnjẹ rùn, kì í yí àwọ̀ rẹ̀ padà, síbẹ̀ a ti tu oró sílẹ̀. Oró òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí a gbé oúnjẹ náà padà ka iná títí tó fi hó, kò ní kú. Ìdí nìyí tí imú àti ahọ́n kò fi lè ṣe adájọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ àti wákàtí ni adájọ́ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ òfin márùn-ún tí mo fẹ́ kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná yín.

Èkíní: ní kété tí ẹ bá ti bu èyí tí ẹ fẹ́ lò, ẹ fi ṣíbí tó mọ́ kó ìyókù kúrò nínú agolo sínú ike onídèérí tàbí ìgò tó mọ́. Kì í ṣe pé agolo náà di májèlé lójijì, ṣùgbọ́n adùn irin a máa wọ oúnjẹ, etí rẹ̀ a máa gé ọmọ lọ́wọ́, kò sì ní ìdérí tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Èkejì: ẹ má jẹ́ kí ó wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí ooru bá sì mú ju ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ó ti máa ń rí nílùú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí 1 ti tó.

Ẹ̀kẹta: nínú fìríìjì tó ń tutù dáadáa, ní ìwọ̀n 4 sísàlẹ̀, ọjọ́ 3 sí 4 ni kí ẹ fi lò ó tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara ike náà.

Ẹ̀kẹrin: bí iná bá lọ, fìríìjì tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè mú oúnjẹ tutù fún nǹkan bí wákàtí 4. Lẹ́yìn èyí, àpótí lásán ni. Ìgbà tí iná bá padà dé kò sọ oúnjẹ tó ti bàjẹ́ di tuntun.

Ẹ̀karùn-ún: èyí tí ẹ kò bá ní lò láìpẹ́, ẹ pín in ní ṣíbí méjì-méjì sínú ọ̀rá kéékèèké, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dì nínú fírísà. Fírísà tó kún, tí a kò ṣí, lè dúró bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Èyí tí ẹ bá ti gbé jáde tó yọ́ tán, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, “Dókítà ìwé ìròyìn, kí ni kí a wá fi ìyókù náà ṣe?” Agolo tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 425, kò pé ife méjì. Ó rọrùn láti lò ó tán láàárín ọjọ́ méjì, láìfi ṣúgà kankan sí i.

Ìdajì rẹ̀ ti tó fún ìkòkò ọbẹ̀ ẹlẹ́pàá kan, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní miyan taushe. Ẹ fi òróró díẹ̀ din àlùbọ́sà, ata àti tòmátì. Ẹ da omi ẹran tàbí ti ẹja sí i. Ẹ fi ṣíbí mẹ́ta ẹ̀pà lílọ̀ sí i, lẹ́yìn náà elégédé. Nígbà tó bá hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ìṣapá sí i. Ẹ fi túwó tàbí àmàlà jẹ ẹ́. Ẹ̀pà náà ni òróró tí Fítámì A ń wá.

Ṣíbí mẹ́ta mìíràn, ẹ pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fún ọ̀lẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì dín omi àti òróró rẹ̀ kù. Àwọ̀ rẹ̀ yóò wuyì, yóò rọ̀, àwọn ọmọ kò sì ní mọ̀ pé ẹ fi ohunkóhun sí i.

Ṣíbí díẹ̀, ẹ fi se ọbẹ̀ wàrà. Ìlọrin kò ṣàìní wàrà àwọn Fúlàní. Ẹ jẹ́ kí ata àti elégédé hó pọ̀ kí wàrà tó wọlé.

Fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ po ṣíbí kékeré méjì mọ́ ògì nígbà tó ṣì wà lórí iná, kí ó hó dáadáa, kí ẹ sì kán epo pupa díẹ̀ sí i. Ìyá kò gbọdọ̀ tìtorí èyí já ọmọ lẹ́nu ọmú. Èyí tí ọmọ bá jẹ kù nínú abọ́, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀. Itọ́ ti dé ibẹ̀.

Bí fìríìjì kò bá sí nílé yín, tàbí tí iná kò bá ṣe é fọkàn tán, ẹ má ṣe pín in sí ọjọ́ méjì rárá. Ẹ se odindi agolo náà sínú ọbẹ̀ kan ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì fi abọ́ kan ránṣẹ́ sí ará ilé kejì. Ikùn aládùúgbò sàn ju fìríìjì tí kò níná lọ.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè jẹ elégédé lásán, ṣùgbọ́n kí ó dín ìrẹsì tàbí túwó tó fẹ́ jẹ mọ́ ọn kù. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀, nítorí potásíọ̀mù pọ̀ nínú elégédé. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó ka ara agolo bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì dín ti ọbẹ̀ kù. Bí ọmọ bá jẹ oúnjẹ tó ti bàjẹ́ tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ tètè fún un ní omi ORS tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Àwọn ìyá wa jẹ oúnjẹ àná, wọn kò kú.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa a máa gbé ọbẹ̀ ka iná láàárọ̀ àti lálẹ́, wọn kì í fi í sílẹ̀ tútù nínú àpótí kan fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Fìríìjì ló kọ́ wa ní ìgbàgbé. Ẹni tó ń sá fún ìfiṣòfò, ìgbà tó ń ṣí agolo ni kí ó sá fún un, kì í ṣe ìgbà tí ìyókù ti pé ọjọ́ mẹ́rin. Owó ìtọ́jú ọmọ kan tó ń ṣu tó ń bì ju iye agolo mẹ́wàá lọ.

Ní ti Àlhájà, wọ́n da ìyókù náà nù, ó sì dùn wọ́n. Mo bá wọn kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa ṣí agolo kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀pà ti wà ní lílọ̀, ẹ̀wà ti wà ní rírẹ, ike onídèérí méjì sì wà lórí tábìlì, kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Ọmọ-ọmọ wọn jẹ ògì tirẹ̀ ní gbígbóná, ó sì fi ìka lá abọ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o rí i? Kò sí ohun tí mo máa dà nù lónìí.”

Ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ wa máa ṣe ara wa lóore. Ó dìgbà kan ná.