"Dear Sir" Kì Í Ṣe Ibi Tá A Ti Ń Béèrè Ara

Ọmọ aládùúgbò wa kan l'Ádó-Èkìtì ló gbé ìwé wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ń múra ìdánwò WAEC. "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí." Ìbéèrè ní kó kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí rèé: "Dear Sir, how is your family? I hope you are swimming in the ocean of good health." Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mi ò rín in pẹ́. Àwa náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, a tún fi "If so, doxology" lé e.

Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ilé ló ti kọ́ ọ. Ta ló ń wọlé tọ àgbà lọ tí kò ní béèrè aya àtọmọ kó tó sọ ohun tó bá wá? Ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ́fíìsì lédè Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ ìyẹn. Ọ̀wọ̀ tiwọn ni pé kéèyàn tètè sọ tẹnu ẹ̀.

Ó sì yẹ kí èyí tètè yé àwa ará Èkìtì. Nínú ẹ̀ka èdè wa, a kì í fi "ẹ" bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ bíi ti ará Ọ̀yọ́. Àwọn kan ní a ò mọ̀wọ̀. Irọ́ ni! Ọ̀wọ̀ wa wà nínú ìkúnlẹ̀, nínú bá a ṣe pe èèyàn àti nínú ohùn. "You" náà nìyẹn: ọ̀gá ń jẹ́ you, ọmọọ̀ṣẹ́ ń jẹ́ you. Ìkíni, ohùn àti ìdágbére ni ọ̀wọ̀ wà.

Nítorí náà, ẹ sọ fọ́mọ yín pé kó tó fi bírò kan ìwé, kó bi ara rẹ̀ pé ta ni mò ń kọ ọ́ sí?

Bó bá jẹ́ ọ̀gá tí kò mọ̀ rí: àdírẹ́sì méjì, Dear Sir, àkọlé, kò sáwàdà, kò sí I'm tàbí don't. Yours faithfully ló máa fi parí, kó buwọ́ lù ú, kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Bó bá jẹ́ àgbà tó mọ̀, bí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀: Dear Mr pẹ̀lú orúkọ, kó kí i ní ṣókí, kó fi Yours sincerely parí.

Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́: àdírẹ́sì kan, Dear Bọ́lá. Ibẹ̀ ni kó ti béèrè ara, kó sì ṣàwàdà bó ṣe wù ú. Orúkọ kan péré ló máa kọ sísàlẹ̀.

Ẹni tó fi Dear Sir bẹ̀rẹ̀, tó wá fi "your loving daughter" parí, ó wọ agbádá, ó tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin àgbà náà. IELTS General Training táwọn tó fẹ́ kó lọ sí Kánádà ń ṣe, lẹ́tà ni iṣẹ́ kíkọ àkọ́kọ́: ó kéré tán, 150 ọ̀rọ̀, 20 ìṣẹ́jú. Wọn kì í béèrè àdírẹ́sì níbẹ̀, àmọ́ ohùn gbọ́dọ̀ bá ẹni téèyàn ń kọ̀wé sí mu.

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ló máa dúró sí.

Mo fa igi sórí ọ̀rọ̀ òkun àlàáfíà yẹn. Ọmọ náà wò mí lójú: "Bọ̀dá, wọn ò ní sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́?"

Mo ní, "Rárá. Dear Sir tó o kọ yẹn, o ti kúnlẹ̀ nìyẹn. Dìde, kó o sọ ohun tó o bá wá."

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.