Ẹ Má Fi Wáyà Rọ́pò Fúùsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kò sí àbùjá lórí ọ̀pẹ. Ibi tí a gbà gùn ún náà ni a ó gbà sọ̀ kalẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ilé wa ni ó fi òwe yìí yé mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan dún tàù lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé fúùsì inú rẹ̀ ti jó. Nítorí pé àwọn ọmọ ń dúró de eré wọn, mo fi wáyà tín-ín-rín kan so orí fúùsì náà mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì tan iná. Kí n tó ṣẹ́jú, èéfín ti bo pálọ̀, bọ́ọ̀dù ti jó dúdú, ọwọ́ iná sì ti ń nà sí kọ́tìnnì. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tí ó sáré pa iná gbogbo ilé láti ìdí mítà.

Bàbá kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ládùúgbò wa ni ó là mí lóye. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ṣọ́ ni fúùsì. Bí ẹ̀ṣọ́ bá kú sẹ́nu ọ̀nà, a kì í gbé ẹlòmíràn síbẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó pa á."

Ohun tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀tì ni kí iná gba ọ̀nà àbùjá: yóò pa ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ tì, yóò sì kọjá tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Nígbà tí kò sí ohun tí ó dá a dúró, yóò pọ̀ kọjá agbára wáyà, ooru yóò sì dé.

Bàbá yìí kọ́kọ́ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Bí iná ilé bá jẹ́ 230 fóltì, kapásítọ̀ ńlá inú bọ́ọ̀dù lè ṣì di nǹkan bí 325 fóltì mú lẹ́yìn tí a ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ó sì lè pa ènìyàn. Ó fa iná náà gbẹ, ó sì fi mítà ọwọ́ rẹ̀ wò ó títí ó fi bọ́ sí òdo. Ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, ó fi ojú wá a. Ọmọńlé kan ti kú, ó ti gbẹ sáàárín ẹsẹ̀ dáyóòdù méjì. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yọ ọ́ kúrò, mítà ṣì ń dún píì. Ó ṣàlàyé pé mítà lè dún díẹ̀ lórí kapásítọ̀ tí ara rẹ̀ dá, kí ó sì dákẹ́. Èyí tí kò dákẹ́ rárá ni ọ̀daràn. Ó ń tú àwọn dáyóòdù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wọ̀n. Bí ó ti tú èkejì, mítà dákẹ́.

Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún ojú ibi tí ó jó ṣe, ó sì fi fúùsì tuntun sí i, 3.15 áńpù gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Kí ó tó tan án, ó gba iná rẹ̀ kọjá nínú gílóòbù 100 wáàtì, irú àtijọ́ tí í gbóná. Bí ṣọ́ọ̀tì bá kù, gílóòbù yóò tàn yòò, kò sì ní jẹ́ kí bọ́ọ̀dù jó. Bí kò bá sí, yóò kọ mànà, yóò sì rọlẹ̀. Tiwa kọ mànà, ó rọlẹ̀. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Owó fúùsì kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìkánjú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ wa. Bí fúùsì bá jó nílé yín, ẹ má bínú sí i. Ó kú kí ilé yín má baà jó ni.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.