Ọkọ̀ Igi Kédárì àti Ìwé Àkọsílẹ̀ Wa

Ní ìlú Peterborough, ní agbègbè Ontario ti ilẹ̀ Kánádà, ẹni tí kì í ṣe káfíńtà lè kan ọkọ̀ ojú omi nínú ilé ara rẹ̀, kí ó gbé e sórí odò, kí omi má sì wọ inú rẹ̀. Akọ̀wé lè ṣe é. Olùkọ́ náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà tiwa, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń gbẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ìwé í kà, bí olùkọ́ kan bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ọgbọ́n ni wọ́n fi jù wá lọ. Àkọsílẹ̀ ni. A bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa pẹ̀lú, pé kí ẹ fi sùúrù gbọ́ àlàyé wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti ń kan ọkọ̀ náà. Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ fún un ni èyí tí wọ́n ń pè ní kédárì pupa. Kì í ṣe kédárì Lébánónì tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì. Igi mìíràn ni, tí ó ń hù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá. Ó fúyẹ́, kì í sì í tètè jẹrà. A ó là á sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ń kan ọkọ̀ yóò mú àwòrán tí ọlọ́gbọ́n kan ti yà sílẹ̀, yóò dà á kọ sórí pílíwúùdù, yóò sì fi ayùn rẹ́ ẹ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni àwòṣe. Èyí tí yóò wà láàrin ni ó gbòòrò jù. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ ìpẹ̀kun méjèèjì ni wọ́n ń kéré sí i. Yóò tò wọ́n ní òòró sórí pákó gígùn kan tí ó tọ́ gbọnrangandan, ẹsẹ̀ bàtà kan láàrin èyí àti èkejì, bí ẹni pé a da ọkọ̀ dojú bolẹ̀.

Lórí àwòṣe yìí ni yóò ti máa lẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí kan pákó náà yọ róbótó, etí kejì sì jẹ́ kòtò, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan ń wọ inú èkejì. Yóò fi gọ́ọ̀mù sí i, yóò dè é mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ, yóò tún mú òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọkọ̀ ń di pípé. Nígbà tí ó bá parí, yóò fá a títí yóò fi dán, yóò sì fi aṣọ tí a fi fọ́nrán díńgí hun bò ó, yóò da oje líle tí a ń pè ní epoxy sí i lórí. Bí èyí bá ti gbẹ, yóò gbé ọkọ̀ kúrò lórí àwòṣe, yóò sì ṣe inú rẹ̀ bákan náà. Ó kù kí ó kan etí ọkọ̀ àti ìjókòó mọ́ ọn, kí ó sì kùn ún kí oòrùn má bàa bà á jẹ́. Ọkọ̀ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 lè má wúwo ju nǹkan bí ìwọ̀n pọ́n-ùn 55 lọ. Ènìyàn kan ṣoṣo lè gbé e lé èjìká dé etí odò.

Báwo ni ọgbọ́n yìí ṣe dé ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan? Àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà ni ó ni ìrísí ọkọ̀ náà. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Àwọn àlejò tí ó wá tẹ̀dó sí agbègbè Peterborough a máa gbẹ́ ọkọ̀ nínú odidi igi, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa. Láàrin ọdún 1850 sí 1860 ni John Stephenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó lórí àwòṣe. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, pákó kédárì tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, ọkọ̀ alumíníọ̀mù dé, àwọn mìíràn tí a kò fi igi ṣe sì tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ Peterborough Canoe Company ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó bá wò ó nígbà náà yóò ní iṣẹ́ náà ti kú.

Kò kú. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje ní Minnesota, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń kàn án nínú ilé wọn, wọ́n sì ń fi àwòrán rẹ̀ lé ara wọn lọ́wọ́. Ní 1983, Ted Moores, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akànkọ̀ ní Ontario, fi gbogbo ìṣísẹ̀ iṣẹ́ náà sínú ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Canoecraft. Ilé iṣẹ́ wó, ìwé dúró.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò ní abúlé kan létí ọ̀sà, bàbá àgbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa jẹ́ agbẹ́kọ̀. A lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti pẹ́ tí kò ti gbẹ́ ọkọ̀ tuntun, nítorí pé igi ńlá kò sí nítòsí mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí Èkó. Àtúnṣe ọkọ̀ àtijọ́ ni ó kù tí ó ń ṣe. A bi í pé, “Bàbá, báwo ni ẹ ti ń mọ̀ bí inú ọkọ̀ bá ti jìn tó?” Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìkúùkù kan ara ọkọ̀, ó ní, “Ẹ fetí sí i, tíṣà. Bí ó bá ṣì ń dún gbì, iṣẹ́ kù. Bí ó bá ti dún kó, ẹ jáwọ́.” Ó sọ irú igi tí ó dára fún wa àti àkókò tí a ń gé e. Ó sọ bí a ti ń fi iná mú kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ là, àti iye ìgbọ̀nwọ́ tí ó yẹ kí ó wà láàrin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹrù ẹja má bàa dojú rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ Ajé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ. A rántí gbì, a rántí kó; ṣùgbọ́n a kò rántí iye ìgbọ̀nwọ́ kan. A bi ọmọ-ọmọ bàbá náà, ó ní, “Bàbá àgbà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, sà.” Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ wa wà lábẹ́ apá wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé náà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. A kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá náà sọ sí i.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò wá. Àwọn kan yóò ní ìwé kò lè kọ́ ọwọ́ ní iṣẹ́. Òtítọ́ ni, ìwé kò lè tẹ pákó fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwé lè jẹ́ kí ẹni tí kò rí ọ̀gá mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ lé. Àwọn mìíràn yóò ní awo iṣẹ́ ni, àwọn àgbà kò ní sọ ọ́. Bí wọ́n bá pa apá kan mọ́, ẹ jẹ́ kí a bu ọlá fún wọn, kí a má ṣe tú u. Ṣùgbọ́n bàbá tí a lọ bá kò fi nǹkankan pamọ́ fún wa; àwa ni a kò kọ ọ́. Àtakò kẹta ni ó le jù: igi ńlá ti ń tán, kí ni èrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí igi rẹ̀ kò sí? Ìdáhùn wa ni pé ọgbọ́n náà kò sí nínú igi nìkan. Bí ọkọ̀ ti yẹ kí ó fẹ̀ tó lórí ọ̀sà wa, bí iwájú rẹ̀ ti yẹ kí ó rí, iye ẹrù tí ó lè rù: gbogbo èyí yóò wúlò fún ẹni tí ó bá ń fi pákó kan ọkọ̀. Ìrísí ọkọ̀ eléèpo igi ni àwọn ará Peterborough gbé lé orí àwòṣe. Bí a bá jẹ́ kí ìrísí tiwa sọnù, kí ni a ó gbé lé tiwa?

Nítorí náà, àbá wa nìyí. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa yan iṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú rẹ̀: ọkọ̀ gbígbẹ́, aṣọ híhun, aró dídá, ìkòkò mímọ, tàbí irin rírọ. Kí ó kọ orúkọ ohun èlò gbogbo bí àwọn oníṣẹ́ náà ti ń pè é. Kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ àti ní íǹṣì. Kí ó ya àwòrán rẹ̀. Kí ó bèèrè àṣìṣe tí ń ba iṣẹ́ náà jẹ́, kí ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, kí ó ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ, kí àgbà lè tún ohun tí ọmọdé gbọ́ òdì ṣe. A bẹ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn wa pé kí wọ́n fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó padà sí abúlé náà kí sáà tuntun tó wọlé. A ó mú ìwé òfìfo dání, àti pẹ́ńsùlù, àti rúlà. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó bi bàbá náà ni iye ìgbọ̀nwọ́ tí a gbàgbé.