Kámẹ́rà Wo Ni Kí N Rà Fún Ìdílé Mi?

Ìwé tí a fẹ́ dáhùn lóṣù yìí ti ọ̀dọ̀ màmá kan wá ní Òṣogbo. Àwọn olè já fóònù gbà lọ́wọ́ màmá náà nínú ọkọ̀, gbogbo fọ́tò ọkọ wọn tó ti di olóògbé sì bá fóònù náà lọ. Àwọn mọ̀lẹ́bí bá wọn ṣa díẹ̀ jọ láti orí WhatsApp, ṣùgbọ́n nígbà tí màmá gbé ọ̀kan lọ fún oníṣẹ́ fọ́tò pé kí ó sọ ọ́ di ńlá fún ìrántí ọdún kan, ojú bàbá rí bàìbàì, àwọn ọmọ kò sì gbà kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. Màmá wá béèrè pé: “Pásítọ̀, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kámẹ́rà kékeré wo ni mo lè rà, tí n óò máa fi ya àwọn ọmọ-ọmọ mi, tí yóò sì rọrùn láti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó wà ní London? N kò fẹ́ kí irú èyí tún ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́.”

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan jókòó tì yín. Bí fóònù tí wọ́n jí bá jẹ́ Android, ó ṣeé ṣe kí ó ti máa kó àwọn fọ́tò yín pamọ́ sínú Google Photos láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kí ọmọ náà fi Gmail tí ẹ ń lò lórí fóònù yẹn wọlé lórí fóònù mìíràn, kí ó sì wò ó fínnífínní. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ àwọn tó ya fọ́tò bàbá fúnra wọn pé kí wọ́n wá èyí tó wà nínú fóònù tiwọn jáde, kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí “Document”.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà, WhatsApp a máa dín in kù kí ó lè tètè lọ. Àwọn àmì tíntìntín tí a ń pè ní pixel ni fọ́tò fi para pọ̀. Fọ́tò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ pixel 4000 lè ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 1600. Ẹni tó ń wò ó lójú fóònù kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ 1600 yẹn sórí bébà tó gùn ní ínṣì 20, ẹ ó rí i pé 80 péré ló máa kan ínṣì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń tẹ fọ́tò a máa fẹ́ tó 300 kí iṣẹ́ wọn tó dán. Ohun tó bá fọ́tò bàbá jẹ́ nìyẹn. Láti ọdún 2023 ni WhatsApp ti fi ibi tí wọ́n kọ HD sí kún un; ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n “Document” ni kì í fọwọ́ kan fọ́tò rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ọdún 1975 ni Steven Sasson, ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Rochester, Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù. Ó wúwo tó kílò mẹ́ta àbọ̀, orí kásẹ́ẹ̀tì ni ó ń kó fọ́tò sí, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni fọ́tò kan sì ń gbà kí ó tó wọlé tán. Nígbà tó fi di 2010, kámẹ́rà kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ Japan kó jáde lọ́dún yẹn nìkan lé ní 100 mílíọ̀nù. Fóònù dé, ọjà náà sì wó lulẹ̀. Ní 2023 kò pé 2 mílíọ̀nù. Casio fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2018. Gbèsè gbé Kodak dé kóòtù ní 2012, èyí tí ẹ sì ń rí lọ́jà tí wọ́n kọ Kodak PIXPRO sí lára, ilé iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ JK Imaging ló gba àṣẹ láti lo orúkọ náà. Nítorí náà, kámẹ́rà tuntun tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kò pọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn ti àtijọ́ kiri nítorí àṣà, èyí sì ti sọ ohun tí ènìyàn ìbá rà ní pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n. Ẹ má bá wọn du ìyẹn.

Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí ènìyàn ra kámẹ́rà nígbà tí fóònù wà? Èmi kò ní tan yín jẹ. Inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ni awẹ́ kékeré kan wà tí ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, sensor ni orúkọ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, kò ju mìlímítà 6 sí 5 lọ. Àwọn fóònù olówó gọbọi lónìí ní èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fóònù gidi lè na kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, tó sì ń kó fọ́tò rẹ̀ pamọ́ déédéé, kò nílò kámẹ́rà. Kí ó fi owó rẹ̀ ra ohun mìíràn.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta kan wà tí mo fi fẹ́ràn kámẹ́rà nínú ilé. Àkọ́kọ́, fóònù tí wọ́n bá jí kò ní kó fọ́tò ilé lọ. Èkejì, ẹ lè gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́jọ láìbẹ̀rù pé yóò bọ́ sórí ìkànnì kan tàbí kí ó fi owó yín ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀kẹta ni súùmù. Oríṣi súùmù méjì ló wà o. Èyí tí wọ́n kọ “optical” sí, gíláàsì ojú kámẹ́rà ló ń yọ síwájú tí ó ń fa nǹkan mọ́ra, ojú fọ́tò kì í sì í bàjẹ́. Èyí tí wọ́n kọ “digital” sí, ó kàn ń gé fọ́tò ni, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fa rọ́bà. Bí ẹni tó ń tajà bá sọ fún yín pé súùmù rẹ̀ jẹ́ 48, ẹ béèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ni optical.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi megapixel dẹ́rù bà yín. Fọ́tò ínṣì 4 sí 6 kò gbà ju megapixel 2 lọ ó lé díẹ̀. Ínṣì 8 sí 10 kò ju nǹkan bí 7. Kámẹ́rà tó bá ní 16 tàbí 20 ti tó fún gbogbo ilé. Fọ́tò megapixel 20 tí a bá tẹ́ sórí bébà ínṣì 20 yẹn ṣì ń fún wa ní nǹkan bí 259 nínú ínṣì kan. Ẹ fi wé 80.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ, èmi yóò sì dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí fọ́tò ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó tí mo ti rí tí aṣọ mọ́ tí ojú kò mọ́ kò lóǹkà. Láyé fíìmù, àwọn ilé tí ń fọ fọ́tò ní Amẹ́ríkà a máa lo káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Shirley láti fi wọn àwọ̀. Fọ́tò obìnrin òyìnbó ni. Àwọ̀ tirẹ̀ ni òṣùwọ̀n, ẹni tó bá dúdú a kàn fara mọ́ ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́. Kámẹ́rà ìgbà yìí sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ẹ ń yà. Gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń pò pọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí màmá bá wọ léèsì funfun, tí ó dúró níwájú ògiri funfun, kámẹ́rà a rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. A dín in kù, léèsì a dára, ojú màmá a sì ṣókùnkùn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ wá ibi tí wọ́n fi àmì + àti − sí lára kámẹ́rà tàbí nínú mẹ́nù rẹ̀, kí ẹ sún un sí +0.7 tàbí +1, kí ẹ sì tún un yà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà kẹ́yìn sí fèrèsé. Bí kò bá sí ibòmíràn, ẹ tan fíláàṣì bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan. Fíláàṣì kámẹ́rà kékeré kì í sábà ràn ju mítà 3 tàbí 4 lọ, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Nínú ìsìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á. Ẹni tó ń wàásù kì í ríran mọ́ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ẹ bá sì lọ rajà, ẹ ní kí ẹni tó dúdú jù nínú yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ yà á nítòsí àti lókèèrè. Èyí yóò sọ òótọ́ fún yín ju ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ tan án, kí ẹ fa súùmù rẹ̀ jáde kí ẹ sì dá a padà ní ìgbà mẹ́ta. Bí ó bá ń dún gìrìgìrì tàbí tí ó há, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ ya bébà funfun, kí ẹ wò ó bóyá àbàwọ́n dúdú wà níbẹ̀. Ẹ gbé gíláàsì rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. Bí nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rinrin ti bà á jẹ́. Bátìrì tó bá wú, ẹ má gbà á. Ẹ béèrè káàdì tí ó ń lò: àwọn Olympus àti Fujifilm ìgbà kan ń lo xD, àwọn Sony àtijọ́ ń lo Memory Stick, wíwá wọn sì jẹ́ wàhálà. SD ni kí ẹ wá. Kámẹ́rà tó bá sì ti wà ṣáájú 2006 lè má ka káàdì tó ju 2GB lọ.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ ní kí n yàn fún yín, Màmá, tí owó kò pọ̀, tí iná mànàmáná sì ń ṣe bó ṣe ń ṣe, n óò wo Kodak PIXPRO FZ45. Megapixel 16 ni, súùmù rẹ̀ jẹ́ 4, bátìrì AA méjì tí a ń rí níbi gbogbo ni ó sì ń lò. Ṣùgbọ́n kí ẹ ra AA tí a lè gba iná sí, nítorí àwọn tí a ń fi sí rédíò kì í pẹ́ kú nínú kámẹ́rà. Bí owó bá gbé e, Canon IXUS 285 HS tó jáde ní 2016 dára: megapixel 20, súùmù 12, ó sì ní Wi-Fi. Canon tún gbé irú rẹ̀ jáde ní 2025 pẹ̀lú orúkọ PowerShot ELPH 360 HS A. MicroSD, èyí tó kéré bí èékánná, ni tirẹ̀ ń lò. Sony RX100 àti Canon G7 X ní sensor tó fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n dára gan-an ní alẹ́, ṣùgbọ́n owó wọn kì í ṣe owó fọ́tò ọmọ-ọmọ.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí kámẹ́rà o. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún káàdì 32GB méjì, bátìrì kejì, àti ohun kékeré tí a fi ń ka káàdì lórí fóònù. FZ45 kò ní Wi-Fi, ṣùgbọ́n ohun kékeré yẹn, ẹ fi káàdì sínú rẹ̀, ẹ kì í bọ fóònù, fọ́tò a sì jáde ní kíá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju Wi-Fi tí ń já lọ. Ọjà kún fún ayédèrú káàdì tí wọ́n kọ 128GB sí lára tí inú rẹ̀ kò tó 8. Ẹ fi fọ́tò àti fídíò kún un dẹ́nu lọ́sẹ̀ tí ẹ rà á, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ṣí.

Fọ́tò megapixel 20 kan lè tó 6MB. Ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ sí London jẹ́ 600MB nínú dátà yín. Fún ti ojoojúmọ́, ẹ yí i sí M nínú mẹ́nù. Ti ọjọ́ ńlá ni kí ẹ fi sí L. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ kúrò lórí káàdì, kí ó ti wà níbi méjì: ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ tó wà lókèèrè tàbí nínú Google Photos. Láti June 1, 2021 ni Google ti fi òpin sí ọ̀fẹ́ tí kò lópin, 15GB ni wọ́n ń fúnni, lẹ́tà Gmail yín sì wà nínú rẹ̀. Fọ́tò tó bá ṣe pàtàkì jù lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ má ṣe tan án níta láìnídìí, nítorí eruku a máa bá gíláàsì wọlé bí ó ti ń yọ tí ó ń padà. Àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun kí ọ̀rinrin má bàa mú un, ẹ fi méjì sínú àpò kámẹ́rà.

Kí ẹ sì tó ya ti àkọ́kọ́, ẹ ṣètò ọjọ́ àti aago inú rẹ̀. Bí bátìrì bá pẹ́ níta, aago náà lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lánàá yóò sì di ọmọ 2016 nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó tẹ ọjọ́ náà sí ojú fọ́tò, nítorí kì í ṣeé nù kúrò.