Oúnjẹ Ni Lysine, Kì Í Ṣe Oògùn: Èsì fún Àwọn Tó Ń Sá fún Ẹja Ọ̀sìn ní Dallas

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé ní Dallas àti ní àwọn ìlú tó yí i ká, bí Arlington àti Garland, pé ẹja àrọ̀ tí wọ́n sìn nínú adágún kò ṣeé fún ọmọ jẹ, nítorí pé kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ amino acid ni àwọn olówò fi ń mú un wú kó lè tètè tó tà, àti pé ẹja tí ènìyàn bá fi ìwọ̀ mú lódò ni ojúlówó. Apá méjèèjì ìgbàgbọ́ yìí ni kò tọ̀nà, apá kejì sì léwu ju èkíní lọ.

Purotéènì, ìyẹn èròjà amáradàgbà tó wà nínú ẹran, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja, kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ ní odindi; ikùn a kọ́kọ́ tú u sí wẹ́wẹ́, àwọn wẹ́wẹ́ náà ni à ń pè ní amino acid, àwọn ni ara sì tún ń tò pọ̀ di ẹran ara tirẹ̀. Nǹkan bí 20 ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́wàá wà nínú wọn tí ẹja kò lè fúnra rẹ̀ ṣe, tó di dandan kó rí wọn nínú oúnjẹ. Ní 1957 ni John Halver àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fìdí èyí múlẹ̀, nígbà tí wọ́n mú purotéènì kúrò pátápátá nínú oúnjẹ ẹja salmon, tí wọ́n fi ògidì amino acid rọ́pò rẹ̀, tí ẹja náà sì ń dàgbà, àfi ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó bá Halver ṣiṣẹ́ náà ni Edwin Mertz, ẹni tí òun àti Oliver Nelson padà wá ṣàwárí, ní Yunifásítì Purdue, irú àgbàdo kan tí lysine, ọ̀kan nínú amino acid mẹ́wàá yẹn, inú rẹ̀ pọ̀ ju ti àgbàdo yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé lysine gan-an ni kò tó nínú ògì, tí ó sì pọ̀ nínú ẹ̀wà, nígbà tí àgbàdo ní methionine, òun náà ọ̀kan nínú mẹ́wàá yẹn, tí kò tó nínú ẹ̀wà. Ìyá tó fi àkàrà ti ògì lẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀ àti ẹni tó po lysine mọ́ oúnjẹ ẹja, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Sóyà, àgbàdo àti kóró òwú tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ kúrò ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ẹja àrọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Texas ló ń gbin òwú jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà kóró òwú kì í wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní oró àdánidá kan, gossypol, tó máa ń so mọ́ lysine nígbà tí iná bá kàn án, tí ẹja kò sì ní rí lysine náà lò mọ́. Ó yẹ kí lysine tó nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 purotéènì tí ẹja àrọ̀ ń jẹ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìyókù purotéènì di àṣedànù, ara kò rí i tò, kò sì ní ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí, ó ń jó o bí epo, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ń gba ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí jáde sínú omi ní ammonia, èyí tó lè pa ẹja bó bá pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tó fi lysine díẹ̀ kún oúnjẹ ẹja lè dín purotéènì inú rẹ̀ kù, kí omi sì mọ́ sí i. Lysine tó bá ju ohun tí ẹja nílò lọ kò fi ìwọ̀n kankan kún un; jíjó ni ara yóò jó òun náà. Níbo wá ni wíwú ti wọ̀ ọ́?

Lysine tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, bakitéríà ló ń ṣe é láti inú ṣúgà, irú bakitéríà tí àwọn ará Japan ṣàwárí lọ́dún 1956, bí bakitéríà mìíràn ṣe ń sọ wóró igbá di irú. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ni methionine tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ ẹja ní tirẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí pa mọ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ jẹ́ methionine inú ẹyin gan-an, ìdajì kejì sì ni ara ẹja àrọ̀ ń yí padà sí i kó tó lò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rù, kó bẹ̀rù ohun tó yẹ. Kò sí homonu ìdàgbàsókè kankan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún oúnjẹ ẹja àrọ̀. Oògùn agbógunti bakitéríà wà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n dandan ni kí orúkọ rẹ̀ hàn lára àpò oúnjẹ tí wọ́n pò ó mọ́, láti 2017 sì ni irú èyí tó tún wúlò fún ìtọ́jú ènìyàn ti ń béèrè àṣẹ dókítà ẹranko.

Ní ti odò, Trinity ló gba àárín Dallas kọjá. Ní 1990, àwọn aláṣẹ ìlera Texas fi òfin de mímú ẹja lọ sílé láti apá tó ṣàn láti Fort Worth wọ Dallas, nítorí chlordane, oògùn ikán tí wọ́n ti dẹ́kun títà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1988, ṣùgbọ́n tí kì í tètè jẹrà. Ní 2010 wọ́n tún kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja kankan níbẹ̀, nítorí dioxin àti PCB, òróró tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀rọ iná mànàmáná. Inú ọ̀rá ẹja ni gbogbo wọn ń sá pamọ́ sí, sísè tàbí yíyan kò sì lè pa oró wọn. Ẹja tí wọ́n ń pè ní ojúlówó nìyẹn, tí ìyá kan ń bu obẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì nígbà tó ń sá fún ti adágún. Láti 2016, ẹ̀ka àyẹ̀wò ẹran ti iléeṣẹ́ ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ló ń bójú tó ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń pa fún títà, wọ́n sì ń wá ìyókù oògùn, oògùn apakòkòrò àti irin olóró nínú ẹran rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wá lysine níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹran ẹja ló ní in, ti odò àti ti adágún.