Ìtàn Ngozi: Ó Dùn Mọ́ Wa, Ṣùgbọ́n A Ní Ìbéèrè

Ẹni tí ń jẹ ẹja a máa ṣọ́ egungun, kò sì ní tìtorí egungun da ẹja nù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a rò pé ó yẹ kí a ṣe sí fíìmù àgbéléwò tí a ń pè ní Thunderbolt: Mágùn, èyí tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 2001, tí ìtàn rẹ̀ sì ti ọwọ́ olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí wá. Àwọn kan nínú wa ń wí pé ó ń tàbùkù obìnrin, kò sì yẹ kí olùkọ́ máa wò ó. Àwọn mìíràn ń dáhùn pé ìtàn lásán ni. Àwa kò bá ìhà méjèèjì lọ.

Ngozi, ọmọ Ígbò, ni aya Yínká, ọmọ Yorùbá. Ọkọ fura sí i pé ó ń ṣe àgbèrè, a sì fi mágùn sí i lára láìmọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá tètè wá ọ̀nà tú u, òun pàápàá yóò kú. Ìtàn náà dùn púpọ̀. A fẹ́ràn bí ó ti fi oníṣègùn ìbílẹ̀ àti dókítà kojú ara wọn. A sì fẹ́ràn rẹ̀ pé aláìlẹ́bi ni obìnrin náà, àti pé eré náà gbè é lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ká ní ó jẹ̀bi ńkọ́? Ǹjẹ́ omijé wa ìbá bọ́? A bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá wí pé ó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Níhìn-ín ni egungun náà wà. Àánú wa sinmi lórí àìlẹ́bi rẹ̀. Kò sinmi lórí òtítọ́ pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ikú sí ara ọmọ ẹlòmíràn. Egungun kejì ni pé mágùn a máa ṣọ́ aya fún ọkọ, kì í ṣọ́ ọkọ fún aya. Ara obìnrin ni a sọ di pàkúté.

Èéṣe tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́? Nítorí pé ìtàn a máa pẹ́ nínú ọkàn ọmọdé ju ìṣirò lọ. Ọmọ tí ó wo irú eré yìí nílé yóò fẹ́ sọ ọ́ ní kíláàsì. Bí a bá nà án, yóò lọ sọ ọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè. Bí a bá kàn bá a rẹ́rìn-ín, yóò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ayé rí. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán, kí a sì bi í pé: “Kí ni ó tọ́ kí Yínká ṣe nígbà tí ìfura mú un?” Kí a bi àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú, kí a sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn wọn.

Àwa yóò tún wo Mágùn, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ṣùgbọ́n a kò ní gbé egungun rẹ̀ mì.