Ìwé Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ikán

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Aṣọ wa ń bẹ nínú àpótí, ìwé wa wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ikán. Àwọn kan ní ọlọ́jà kì í ṣe tíṣà. Irọ́ ni! Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897. Èyí tí a fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba sọnù. Àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, fi tún un kọ, tí a fi rí i tẹ̀ ní 1921. Bí ikán bá ti jẹ ìyẹn ńkọ́?

Ẹ máa ra ìwé kún ìwé. Ẹ kan pẹpẹ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo kẹrosíìnì. Ẹ máa nu eruku ọyẹ́. Ọmọ tí a bí sí Kánò tàbí Kàdúná, níbo ni yóò ti ka Yorùbá, bí kò ṣe nílé wa?